Wọ́n Pààrọ̀ Ẹ̀dọ̀ Rẹ̀, Ṣùgbọ́n Ọkàn Rẹ̀ Kò Yí Padà

Bí o bá pàdé Ọládùnjoyè ní Àbújá lọ́dún 1987, o ó fi ọwọ́ bo imú. Agbaṣẹ́ṣe ńlá ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń kọ́ ilé fún ìjọba ní Gàríkì. Ṣùgbọ́n kí ó tó fọ ẹnu láàárọ̀ ló ti ń mu wisikí. Ó ń mu ún níbi iṣẹ́, ó ń mu ún nínú ọkọ̀, ó sì máa ń tọ̀ sára lórí àga nínú yàrá àlejò rẹ̀ ní Karu, níṣojú àwọn tó wá kí i.

Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ikùn rẹ̀ wú bí ti aboyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó bi ẹ̀jẹ̀ dúdú sórí oúnjẹ tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síwájú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi kúrò nínú ikùn náà, omi ọ̀hún sì kún garawa kan. Dókítà sọ fún un pé ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ti le gbagidi, kò sì sí oògùn tó lè tún un ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú rọ́pò rẹ̀. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ṣì ń mutí, wọn kò ní ṣe é fún un.

Ẹ̀rù ikú mú kí Ọládùnjoyè jáwọ́ nínú ọtí fún oṣù mẹ́fà. Ó ta ilé tó kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é pé ẹ̀dọ̀ ti dé. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tó lajú, nọ́ọ̀sì sọ fún un pé olùkọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọkọ̀ gbá, ló ni ẹ̀dọ̀ tó wà nínú rẹ̀ báyìí. Ìyá ọmọ náà ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́. Ọládùnjoyè sunkún, ó sì búra pé òun kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́ láé.

Ó padà sí Karu. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà ti fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ títí ayé rẹ̀, kí ara rẹ̀ má baà kọ ẹ̀dọ̀ àjèjì náà.

Kò pé oṣù márùn-ún tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mutí.

Ohun tó ń ṣe nígbà náà kó ni nírìíra. Yóò wakọ̀ lọ ra ògógóró ní Karmo, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Yóò dà á sínú ike omi, yóò sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi ilé rẹ̀. Láàárọ̀, níṣojú ìyàwó rẹ̀, ògógóró yẹn ló fi ń gbé oògùn ẹ̀dọ̀ mì. Àwẹ̀ró rò pé omi ni. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn pé ọkọ òun kì í gbàgbé oògùn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Àyàndá, bíríkìlà tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wá béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bàá táǹkì, tó dojú bolẹ̀ nínú èébì ara rẹ̀, ìgbẹ́ kún ṣòkòtò rẹ̀, eṣinṣin sì bo ẹnu rẹ̀. Fèyí, ọmọ Ọládùnjoyè, ẹni ọdún méje, dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi aṣọ bo imú. Òyìnbó ni ọmọ yìí máa ń sọ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ náà.

"Bàbá mi ń rùn."

Àyàndá pọn omi, ó bọ́ aṣọ lára ọ̀gá rẹ̀, ó sì wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí àpá gígùn tó wà níkùn rẹ̀, Ọládùnjoyè lajú. Ó rí ike ògógóró nílẹ̀, ó sì rí ọmọ rẹ̀.

"Àyàndá, ara mi ń rí mi lára," ló wí. "Ọmọ ọlọ́mọ kú, wọ́n fún mi ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì ń rì í sínú ọtí."

"Ọ̀gá, ẹ̀dọ̀ yín ni àwọn dókítà pààrọ̀," Àyàndá dá a lóhùn. "Ọkàn yín ló ń mutí, ọ̀bẹ wọn kò sì lè dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin tó ni ẹ̀dọ̀ náà kò mọ̀ yín rí. Jésù mọ̀ yín, ó mọ ike yìí, ó sì kú fún yín síbẹ̀."

Ọládùnjoyè ní òun ti búra títí, kò sì ràn án. Àyàndá ní kó má búra mọ́, kó jẹ́wọ́ ni. Ó wá sọ fún un pé òun náà máa ń jí sìmẹ́ǹtì gbé níbi iṣẹ́ ọ̀gá òun yìí kan náà, kí Jésù tó yí òun padà. Ọládùnjoyè kò mọ̀ rí.

Níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀, ó gbàdúrà pé: "Jésù, ẹlẹ́gbin ni mí. Mi ò lè fọ ara mi mọ́. Gbà mí."

Lẹ́yìn náà, ó pe Àwẹ̀ró, ó sì fi ike náà hàn án. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó lè gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Ọládùnjoyè jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ náà ti fara pa, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òùngbẹ ọtí ń dà á láàmú. Ojoojúmọ́ ni Àyàndá ń wá bá a gbàdúrà. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí, kò sì tọ́ ọtí wò mọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò mutí rí. Bóyá àgbèrè ni tìrẹ, tàbí irọ́, tàbí ìkórìíra tí o fi ẹ̀rín bò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn kò mọ̀ ń rùn níwájú Ọlọ́run. Lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò lè mú òórùn rẹ̀ kúrò, aṣọ funfun kò sì lè bò ó.

Jésù kò bo imú sí ọ. Má ṣe dúró kí o kọ́kọ́ di ẹni rere, nítorí o kò ní dà á láé láìsí rẹ̀. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un gan-an bó ṣe rí. Ṣe é lónìí, kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí.