Ìjókòó Ọláolú

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é nírọ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ kì í mutí, ẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ni mo sì ti gbọ́ ọ, ìka rẹ̀ ṣì wú lójú mi. Ọ̀sán Sátidé ni, ní Mission Bend, ní Houston, nínú gárájì Akínṣọlá.

Akínṣọlá ni àbúrò Ọláolú, ọmọ ìyá kan náà. Iṣẹ́ ààbò ló ń ṣe níléeṣẹ́ epo kan ní Deer Park. Òun ló ń rí i pé nǹkan kò wó lu ènìyàn. Nígbà tí Ọláolú ṣubú, tó kú láìṣàìsàn, Akínṣọlá ní kì í ṣe ojú lásán, pé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó lọ sídìí pósí, ó fi fóònù òkú lé òkú lọ́wọ́, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi ọ̀bẹ lé ẹni tí wọ́n bá fura sí ikú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ sí i létí, ó sì rí i dájú pé Fèyísọ́lá, opó, gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, má sùn. Ẹni tó bá gba ohun tó jẹ́ tìrẹ, bá a jà."

Wọ́n pa pósí dé.

Kò pẹ́ náà ni òun fúnra rẹ̀ lọ sí Fondren, níbi tí opó ń gbé, ó lọ gba mọ́tò oníná tí Ọláolú fi sílẹ̀. Ó ní aya kì í jogún ọkọ. Fèyísọ́lá bẹ̀ ẹ́. Mọ́tò yẹn ló fi ń gbé Bùkọ́lá, ọmọ rẹ̀, lọ sí daycare kó tó kọjá síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Akínṣọlá kò gbọ́. Ó gba káàdì tí wọ́n fi ń ṣí i, ó wà á lọ, ìyá àtọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de bọ́ọ̀sì nínú oòrùn Houston. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ìṣó gún táyà. Akínṣọlá ti ilẹ̀kùn gárájì nítorí ooru, ó tan iná. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ilẹ̀ tẹ́jú. Ó fi igi há táyà ẹ̀yìn. Ó tẹ ojú ẹ̀rọ inú mọ́tò, ó sọ fún un pé òun fẹ́ fi jáàkì gbé e, kó má mira. Ó fi rọ́bà sójú ihò tí wọ́n ṣe fún jáàkì, torí bátìrì ló kún abẹ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Bí irin bá gún un, iná dé. Ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ki irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀, kó má bàa já lulẹ̀. Ó yọ táyà.

Nọ́ọ̀tì kan yí lọ sábẹ́ mọ́tò.

Gárájì dákẹ́. Mọ́tò oníná kì í kùn. O ò lè mọ̀ bóyá ó ń sùn ni àbí ó lajú sílẹ̀.

Ó wá gbọ́ ọ. Vùùùù.

Ìjókòó awakọ̀ ń sún sẹ́yìn. Akínṣọlá wò ó láti ojú wíńdò. Ó sún, ó sún, ó dúró níbi tó jìnnà jù. Akínṣọlá kúrú. Ọláolú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló máa ń gbé e síbẹ̀.

Ting. Ting. Ting.

Agogo tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó de bẹ́líìtì ni. Kò sẹ́nì kankan lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú.

Inú bí i kí ẹ̀rù tó bà á. Ó pe Fèyísọ́lá.

"Ìyàwó wa, fi mọ́tò mi sílẹ̀!"

"Brother Akin, ẹ káàsán. Mọ́tò wo?"

"O ń fi app darí ẹ̀ láti ilé. Mo mọ̀ ẹ́. Àjẹ́!"

"Èmi ò ní app yẹn, Brother. Orí phone kan ṣoṣo ló wà."

"Èwo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi lé e lọ́wọ́."

Ting. Ting.

Akínṣọlá gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò pa á. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju kó dá táyà padà, kó sì sọ mọ́tò náà kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ láti mú nọ́ọ̀tì. Irin ìdúró wà níbẹ̀ gbọn-in. Ó rí i. Síbẹ̀, mọ́tò ń sọ̀ kalẹ̀. Kò já lulẹ̀ o. Ó rọra ń bọ̀, bí ẹni tó ń fara balẹ̀ jókòó, títí ó fi tẹ ìka rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì.

Kà.

Ẹnì kan ti de bẹ́líìtì. Agogo dákẹ́.

"Fèyí!" Akínṣọlá kígbe. "Sọ fún un kó dìde!"

"Ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́." Ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ pè é padà."

"Tìẹ ni mọ́tò! Mo ti dá a padà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ti dá a padà!"

Mọ́tò gbéra. Ó yọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Fèyísọ́lá mú ẹni tó máa bá a de táyà wá. Irin ìdúró ṣì wà níbi tí Akínṣọlá fi í sí, kò yẹ̀ rárá. Fèyísọ́lá wọnú mọ́tò, ó fa ìjókòó síwájú, kò sún padà. Títí dòní, kò tíì yọ ọ́ lẹ́nu.

Akínṣọlá rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n "má sùn" ló wí fún òkú. Ó ti lọ sí ibojì, ó ti bẹ̀ ẹ́, ó ti ní kó máa sùn. A ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Mọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ ń wà ti gbó. Epo ló ń mu, kò mọ app, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ìjókòó rẹ̀, ó sì le bí ojú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jáde níbi iṣẹ́ ní Deer Park, ó wọnú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ tẹ bíréèkì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kàn án.