Apá Ìlà-Oòrùn Òkè Àwòdì

"Ṣé ibí yìí náà lo fi ń yangàn? Ìwọ Bushrah, o ti di ará oko pátápátá!"

Karimat rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ kékeré náà mì. Bushrah ju irin ìdákọ̀ró sínú omi, ó sì fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá ó ti mú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bọ̀ọ̀dá Gàfárù ṣe kọ́ ọ.

Gàfárù ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà láàárín ìlú ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún méjìlélógún tó ti kó lọ sí etí adágún ńlá tí ìjọba sé lẹ́yìn ìlú, tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun pẹja. Òkè Àwòdì wà láàárín omi náà. Nígbà tí wọ́n sé omi, orí òkè nìkan ló kù síta, àpáta gbágungbàgun tí afẹ́fẹ́ kì í yé lù. Gbogbo ìsinmi ni Bushrah máa ń lọ sọ́dọ̀ Gàfárù. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun rán, ó sì mọ ibi tí ọkọ̀ lè forí pamọ́ sí lẹ́bàá òkè náà.

"Láti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti ń wá," ni Gàfárù máa ń wí. "Nítorí náà, apá ìlà-oòrùn òkè la máa ń sá sí. Òkè a wá dà bí ògiri fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, bí o bá rí i tí ìlà-oòrùn ṣú, tu ọkọ̀ kíákíá, kí o yí i sí òdìkejì. Ìlà-oòrùn ni ìjì òjò ti ń wá. Ibi tó jẹ́ ààbò láàárọ̀ lè di sàréè lọ́sàn-án. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nínú oṣù kẹrin, Gàfárù lọ síbi fìdáù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílùú. Ó kìlọ̀ fún Bushrah pé kó má tu ọkọ̀ kí òun tó dé. Kò pẹ́ tó lọ ni Karimat, ọmọ kíláàsì Bushrah láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, dé pẹ̀lú fóònù tuntun.

"Gbogbo kíláàsì ló ń retí fídíò," ni Karimat wí. "Àbí irọ́ lò ń pa fún wa pé o mọ ọkọ̀ wà?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Bushrah dórí omi, dé apá ìlà-oòrùn òkè náà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, Bushrah gbójú sókè. Ìlà-oòrùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí okùn.

"Karimat, ó yá, ká yí sí òdìkejì òkè. Ìjì ń bọ̀."

"Ìjì wo? Omi yìí tó dúró jẹ́ẹ́ bí ọbẹ̀ àná!"

"Wo ojú ọ̀run."

"Ṣé àìmọye òjò kọ́ la ti rí lórí òkè Màpó tó ṣú tí kò rọ̀? Jẹ́ n ya fídíò kan sí i. Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni, màmá àgbà?"

Bushrah mú ọwọ́ kúrò nídìí okùn. Kì í ṣe àìmọ̀ ló mú un kúrò. Ìtìjú ni.

Afẹ́fẹ́ ṣáájú òjò dé. Omi ru, ó funfun, ó sì ń ti ọkọ̀ lọ sára àpáta. Irin ìdákọ̀ró ń wọ́ nílẹ̀. Bushrah gbìyànjú láti ta ìgbòkun, ṣùgbọ́n ìgbòkun náà fàya láti òkè délẹ̀. Ọkọ̀ lu àpáta lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, pákó ìsàlẹ̀ là. Bushrah di Karimat mú lápá, ó tì í sórí àpáta, ṣùgbọ́n omi ti fi ẹsẹ̀ Karimat gbá òkúta. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ bó ṣe kán.

Ó di aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú kí àwọn apẹja tó rí wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Gàfárù dúró létí omi. Pákó mẹ́rin péré ni wọ́n rí kó padà.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé kò sí ohun tó ṣe ọ́?"

"Kò sí ohun tó ṣe mí, sà."

"Ṣé o rí i pé ìlà-oòrùn ṣú?"

Bí ó bá ní òun kò rí i, kò sẹ́ni tí yóò já a nírọ́.

"Mo rí i, sà. Karimat ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì dúró."

Gàfárù jókòó sórí iyanrìn.

Karimat kò lè jókòó fún ìdánwò àṣekágbá lọ́dún náà. Agbára Gàfárù kò ká ọkọ̀ mìíràn. Nínú oṣù keje, ó padà sílùú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù fún àwọn oníṣòwò ní ọjà Oríta-mẹ́rin, ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ibẹ̀ ni Bushrah ti bá a lábẹ́ àpò èlùbọ́. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, lójú gbogbo èrò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dárí jì mí."

Gàfárù sọ àpò kalẹ̀.

"Dìde. Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti dárí jì ọ́." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í kan ọkọ̀ tuntun, Bushrah."

Ó ní kó bá òun gbé àpò náà padà sórí. Bushrah fi ọwọ́ méjèèjì tì í sókè, ó sì mọ bó ti wúwo tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó mọ ohun tó tọ́, tó wá ń tijú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣe é, kì í dá jìyà rẹ̀. Ẹlòmíràn ni í máa ń ru èyí tó wúwo jù.