Ọmọ Kẹrin Lateefah

Igbe Adépéjú ló kó gbogbo àdúgbò jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ń yí nílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ní Orozo lẹ́bàá Àbújá, gèlè rẹ̀ ti já bọ́, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti gbé Kúnbi! Ẹ gbà mí o, wọ́n ti jí ọmọ mi gbé!"

Ẹni tó pè é dárúkọ ọmọ náà, ó dárúkọ ilé ìwé rẹ̀, ó tún ní oògùn tí ọmọ náà máa ń fà símú nígbà tí èémí rẹ̀ bá ń há wà lọ́wọ́ àwọn. "Bí o ò bá fowó ránṣẹ́ báyìí, a ò ní fún un. Wàá máa gbọ́ ọ lórí fóònù títí tí kò fi ní mí mọ́." Ẹ gbọ́ mi, kí ni ènìyàn máa ń jẹ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń tẹnu rẹ̀ jáde?

Adépéjú fi gbogbo owó ọjà rẹ̀ ránṣẹ́, ó tún yá lé e. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Kúnbi yọ láti ọ̀nà Karshi, báàgì ìwé lẹ́yìn, gúgúrú lẹ́nu, tó ń béèrè pé ta ló kú. Kò sẹ́ni tó jí i gbé. Inú kíláàsì ló wà láti àárọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n pe ilé mìíràn, wọ́n tún pe òmíràn. Bàbá kan ti ta ọ̀kadà tó fi ń jẹun kó tó mọ̀ pé ilé ẹ̀gbọ́n òun ní Dutse Alhaji ni ọmọ òun wà, tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá kù lẹ́nu gbogbo ayé: ta ló ń ka orúkọ àwọn ọmọ wa fún àwọn ẹni ibi yìí? Gbogbo ojú sì yí sí ọkọ Lateefah.

Abdulqudus ni ọkọ Lateefah. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, táìlì ló ń tò sílé olówó, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé. Nígbà tí òun àti Lateefah tó jẹ́ télọ̀ kó dé Orozo, oko àgbàdo ló yí wọn ká. Báyìí, ilé ti gbá ilé mú. Owó ilé ń lé àwọn ènìyàn jáde láàárín ìgboro Àbújá, wọ́n sì ń rọ́ wá lójoojúmọ́, Gbagyi, Hausa, Tiv, Yorùbá, Íbò, gbogbo wọn ń pọnmi nídìí kànga kan náà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ bá lọ tọrọ ilé ìwòsàn, èsì kan náà ni wọ́n ń gbà: "Nínú ìwé tiwa, abúlé ni yín. Ẹ ò pọ̀ tó." Ọ̀rọ̀ yìí wọ Abdulqudus ní akínyẹmí ara.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkùnrin kan dé, kí ìpè wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀, tó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn, tó fi káàdì kọ́rùn, tó ní Tony lorúkọ òun, ìjọba ló ní kí òun wá ka àwọn ará àdúgbò, ńṣe ni Abdulqudus fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e pọ̀n. Òun ló mú un wọlé dé ilé. Òun ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà onílé: "Ẹ má fi ọmọ kankan pamọ́ o! Bí a bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n máa fi dá wa lóhùn!" Àwọn ènìyàn sì tú gbogbo inú wọn síta, orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí ọmọ, ilé ìwé ọmọ, àìsàn ọmọ, nọ́ńbà fóònù. Kò sí olè tó burú tó olè tó mọ ohun tí ojú rẹ ń pọ́n ọ sí.

Nígbà tó kan ilé Abdulqudus fúnra rẹ̀, ó ti sáré lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì. Lateefah nìkan ló gba àlejò. Ó fún un ní sobo tútù.

"Ọmọ mélòó, Mọ́mì?"

Ìyá tó bí Lateefah kọ́ ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pé bí ẹnikẹ́ni bá fi dandan lé e, kéèyàn da iye rẹ̀ rú mọ́ ọn lójú. Ọmọ mẹ́ta ló bí. "Mẹ́rin," ló sọ.

"Orúkọ wọn?"

Ha! Kò rò ó débẹ̀. "Hàbíbátù, Sùlàímọ́nù, Bọ́lájí…" Ó bu sobo kún ife àlejò. "Àti Waris."

Tony tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ńlá ọwọ́ rẹ̀, ó mu sobo rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó lọ. Lateefah kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹni tó ń pariwo òtítọ́ kiri àdúgbò, báwo ló ṣe máa sọ fún un pé ilé tirẹ̀ gan-an lòun ti purọ́?

Nígbà tí ìpè bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá Tony tì, àwọn ọlọ́pàá wá mú Abdulqudus. Wọ́n ní wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tú àṣírí ọmọ fún ajínigbé. Àwọn oníbàárà wá ń gba aṣọ wọn padà lọ́wọ́ Lateefah, láìtíì rán wọn tán. Adépéjú dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀. "Ọkọ rẹ ló ta ọmọ wa. Wàá rí i bó ṣe máa ń rí."

Ibi tó ti ń gé aṣọ lọ́jọ́ kan ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ìwọ ni ìyá Waris?"

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Lateefah.

"Waris wà lọ́wọ́ wa. Bí o bá pariwo, òkú rẹ̀ lo máa rí."

Ohùn ọmọdé kan sì ta sókè lẹ́yìn rẹ̀: "Mọ́mì! Mọ́mì, ó ń dùn mí!" Ọmọ tí kò bí rí ló ń pè é ní Mọ́mì. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa á, lẹ́yìn náà ló rántí ọkùnrin oníkáàdì kọ́rùn. Ènìyàn kan ṣoṣo láyé ló gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ìbínú ló ń gbọ̀n ọ́n. "Ọkọ mi ló ń báńkì fún mi, ọlọ́pàá sì ti tì í mọ́lé. Owó wà nílé. Ibo ni kí n gbé e wá?"

Ojúkòkòrò ṣẹ́gun ọgbọ́n. "Ibùdókọ̀ ojú irin ní Idu. Fi sábẹ́ bẹ́ǹṣì, kóo máa lọ."

Ọ̀dọ̀ Inspẹ́kítọ̀ Ọlábímtán, obìnrin tó ń rí sí ẹjọ́ náà, ni Lateefah sáré gbà. Ọlábímtán gbọ́ ọ tán, ó gbọn orí.

"Ìyàwó rẹ̀ ni ẹ́. Kò sóhun tóo ò lè sọ kó lè jáde."

"Ẹ má gba tèmi gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká mú un, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ọlábímtán pe ọlọ́pàá méjì wọlé, ó yíjú sí i. "Má dárúkọ Waris fún ẹ̀dá alààyè kankan."

Èrò pọ̀ ní Idu lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ Kàdúná ti fẹ́ gbéra. Lateefah fi báàgì sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó wo dígí, bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, báàgì sì ti bọ́ sábẹ́ abíyá rẹ̀. Ọlọ́pàá kan tètè dìde jù. Onítọ̀hún rí i, ó ju báàgì nù, ó bọ́ sáàárín èrò. Ó ju fìlà sílẹ̀, ó yọ dígí, ó ń fi ìgúnpá la ọ̀nà lọ síbi ọkọ̀, ó ń ké pé: "Ẹ yà fún mi, ọmọ mi ti wà nínú ọkọ̀!" Àwọn ènìyàn sì ń yà fún un nítorí ọmọ! Àwọn ọlọ́pàá dúró, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń lé mọ́.

Lateefah mọ̀ ọ́n. "Òun nìyẹn! Òun ló mu sobo mi!" Ó fò mọ́ ọn lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí bọ́tìnì fi já. "Kai, barawo!" ni ẹnì kan figbe olè ta ní Hausa, èrò sì bò ó mọ́lẹ̀.

Jàbárù ni orúkọ Tony gan-an. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, níwájú Adépéjú àti àwọn ará Orozo tó wá gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

"Ta ló fún ọ lórúkọ àwọn ọmọ?" Ọlábímtán bi í.

"Abdulqudus. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é."

Ilé ru. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Abdulqudus jáde, irùngbọ̀n ti bò ó lójú.

"Kí ló dé tóo wá pe ìyàwó rẹ̀?"

"Òun ló ní kí n pè é, kẹ́nikẹ́ni má baà fura sóun."

"Olè!" Adépéjú kígbe sí Abdulqudus. "Ọ̀dàlẹ̀!"

Lateefah dìde. "Ẹ bi í, mà. Àwọn ọmọ tiwa, ọkọ mi náà ló dárúkọ wọn fún un?"

"Òun náà ni," Jàbárù dáhùn. "Hàbíbátù. Sùlàímọ́nù. Bọ́lájí. Waris."

"Báwo ni Waris ṣe rí?"

"Ó dúdú díẹ̀. Ọkọ rẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí."

Adépéjú, tó ti ń bá Lateefah gbé ògiri kan náà láti ìgbà oko àgbàdo, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Waris wo?"

"Ta ló ń jẹ́ Waris?" Abdulqudus béèrè, tọkàntọkàn.

"Kò sí Waris," Lateefah ní. "Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀ fi dá ọ lóhùn, ìwọ ẹlẹ́gbin yìí, nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá wo ló máa bá ọ dárúkọ ọmọ tí kò ní?"

Òógùn bo Jàbárù. Ó wo Ọlábímtán, ó wo ilẹ̀kùn, ó tẹrí ba. Gbogbo rẹ̀ wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀: òun nìkan ló ń ṣe é, Abdulqudus kò mọ̀ sí i, ọwọ́ onítẹ̀wé kan lòun ti ra káàdì ọrùn. Èyí tó kù nínú owó àwọn ènìyàn wà ní báńkì, ó ní òun máa dá a padà.

"Ọmọ tó ń ké lórí fóònù ńkọ́?" Lateefah bi í.

Jàbárù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Mo ní ọmọ ta ni!"

"Ọmọ mi ni. Oyíndà." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo nà án, mo sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Ọlábímtán fi gègé sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Adépéjú tutọ́. Lateefah ní òun ò ní lọ sílé àfi bí wọ́n bá wá ọmọ náà rí, ilé ìyá ìyá rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá sì ti bá a, ojú ẹgba ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà náà kò mọ̀ rárá ohun tí wọ́n ń fi ẹkún ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe.

Ní àṣálẹ́, Adépéjú kúnlẹ̀ fún Lateefah níwájú gbogbo èrò. Lateefah fà á dìde, kò sì bá a rẹ́rìn-ín. Òun àti ọkọ rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Abdulqudus rí ojú ọ̀run, ó mí kanlẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú.

"Èmi tí mò ń pariwo pé kí wọ́n má fi ọmọ pamọ́," ó ní, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "O lọ fi ọ̀kan kún un."

"Mo purọ́ pé mo bí Waris, Bàbá Hàbíbátù." Lateefah gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n ọmọ kan sunkún lóòótọ́."