Ìpè Inú Tẹlifíṣọ̀n Mùnírù

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó béèrè ilé Mùnírù aránṣọ.

Lọ́dún 1988 tó kọjá yìí ni. Eré kan wà tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ọmọdé wa, ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ irin rìn láàárín ìràwọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, tí a bá ti kírun Màgàríbì tán, pálọ̀ Mùnírù là ń forí lé. Bí eré bá parí, èmi Ọládépò ni wọ́n ń wò lẹ́nu. Èmi ni mo máa ń sọ ibi tó kù sí. N kì í gbójú fo àléébù, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àwọn arìnrìn-àjò yẹn dé ìlú kan tí kò sí ẹ̀dá alààyè níbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé kan. Ohùn kan pe orúkọ rẹ̀ láti inú. Ó jẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, a ò rí i mọ́.

"Ìránù," mo ní. "Ìpè tí o ò rójú ẹni tó pè ọ́. Ọmọdé Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ò ní jẹ́ ẹ. Ẹni tó kọ eré yìí ò ní ìyá tó kọ́ ọ nílé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Mùnírù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Hafeez, àkọ́bí rẹ̀, ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Àbíjàn. Ó ti pẹ́. Kò wá, kò ránṣẹ́. Oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ìyá mọ́.

"Ọládépò," ó ní, "tó bá jẹ́ ohùn ọmọ ẹ ńkọ́?"

"Ìyá, a kì í jẹ́ ẹ náà ni. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, ó ti bá a lọ nìyẹn."

Lọ́sẹ̀ kejì, eré kan náà ni wọ́n tún ṣe. Mo ń kùn. Ọ̀gá dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohùn pè é.

Kò jẹ́.

Ó yíjú sí mi láti inú tẹlifíṣọ̀n, bí ọmọ tó gbọ́ràn síni lẹ́nu. Orí mi wú. Ohùn yẹn tún pè.

"Màámi."

Ohùn Hafeez ni. Bó ṣe máa ń fà á nìyẹn.

Mo di ọwọ́ ìyá mú. "Ẹ má jẹ́ o."

Mùnírù ti ń sunkún. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, èmi ṣì wà nílẹ̀."

Ìyá wo Mùnírù. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Òo," ó ní. "Ọmọ mi, wọlé."

Iná lọ.

Nígbà tí a tan àtùpà, ìyá ṣì wà lórí àga rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sóhun tó ṣe é. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, tí Mùnírù ti tì, ló ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Safurat, aládùúgbò wa, tó wo eré náà nílé tirẹ̀, ní ọ̀gá yẹn jẹ́ ìpè bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń jẹun, ara rẹ̀ sì ń dán. Ó máa ń bu oúnjẹ abọ́ kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yẹn. Tó bá yá, abọ́ á ti ṣófo, wọ́n á ti fọ̀ ọ́, wọ́n á ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Hafeez nìkan ló máa ń dojú abọ́ délẹ̀ nílé yẹn. Ọkàn Mùnírù ti balẹ̀. Inú tèmi náà ń dùn sí ìyá. Tí wọ́n bá bi mí níbi tí eré yẹn kù sí, mo ní n ò rí i.

Nírọ̀lẹ́ àná, mo ń gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Ẹnìkan pè mí láti inú ilé.

"Bọ̀ọ̀dá Ọládépò."

Ìyá yọjú lójú wíńdò, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. "Ó ń pè ọ́. O ò ní jẹ́ ni?"

Mo sáré lọ sílé, n ò jẹ́. Ó ṣì ń dùn mí pé n ò jẹ́.