Ẹni Tó Ń Ta Rẹ́ńṣẹ́n Kì Í Jẹ Lúóbò

Àgbo rẹ́ńṣẹ́n, egbò olówó gọbọi ilẹ̀ Ṣáínà, tó yẹ kó dá agbára padà sára Bian ló gbé e ṣubú. Ẹnu kan péré ló mu, ó bì, ojú rẹ̀ sì yí. Yuehua, ìyàwó rẹ̀, gbé ìkòkò náà tọ Dókítà Fei lọ ní ilé kejì. Dókítà tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. Ó ní èyí kì í ṣe rẹ́ńṣẹ́n rárá. Egbò mìíràn ni, wọ́n ti fi ṣúgà sè é títí ahọ́n òun ò fi lè dá a mọ̀.

"Egbò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀," ló wí. "Bí májèlé yìí bá tutù, oògùn gbígbóná ni màá fún un. Bó bá gbóná, títutù ni. Bí mo bá ṣì í, àwa la pa á. Lọ wá ẹni tó tà á fún ọ."

Yuehua da ìyókù sínú fúláàsì, ó di ọjà egbòogi Bozhou, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Bàbá onírùngbọ̀n funfun ló tà á fún un láàárọ̀. Ó ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lòun, pé rẹ́ńṣẹ́n tóun ń jẹ ní gbogbo ìdájí ni ò jẹ́ kóun gbó. Ẹ gbà mí, bàbá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ní ìparí ọjà, géńdé kan tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dán ń polówó rẹ́ńṣẹ́n. Òun náà ń jẹ tirẹ̀ ní gbogbo ìdájí, ó ní ìdí nìyẹn tóun fi lè gbé màlúù. Bó ti ń polówó ló ń fi eyín họ lúóbò, egbò funfun olómi tí wọ́n ń jẹ bíi káróòtì. Yuehua bi í bóyá ó rí bàbá onírùngbọ̀n kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà ibùdókọ̀ ni. Ẹ sáré, ẹ ó bá a."

Ó dúpẹ́, ó sáré. Kò tíì dé ìkóríta tó fi dúró gbọin-in. Lúóbò kẹ̀? Ọmọ tó ń rákò ní Bozhou mọ̀ pé lúóbò máa ń ba agbára rẹ́ńṣẹ́n jẹ́. Ẹni tó bá jẹ ọ̀kan kì í fẹnu kan ìkejì. Irọ́ ni ọkùnrin yìí ń pa, irọ́ ìdájí kan náà tí bàbá yẹn pa. Ó padà, ó wo àgbọ̀n rẹ̀ dáadáa. Gọ́ọ̀mù ló ń dán níbẹ̀.

"Bàbá, irùngbọ̀n yín dà?"

Ọkùnrin náà ki eré mọ́lẹ̀. Ó fo àpò kan, ó fo ìkejì, ó kọsẹ̀ lára agbọ̀n, ó sì rì sínú òkìtì òdòdó gbígbẹ tí wọ́n fi ń se tíì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù lókè. Àwọn ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fà á jáde. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọjà fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, ó ń búra pé ojúlówó lòun tà.

Yuehua ṣí fúláàsì. "Ó dáa. Mu ún."

"Ara mi gbóná, ẹ̀gbọ́n. Rẹ́ńṣẹ́n ò bá mi lára mu."

"Lúóbò tí o jẹ ti mú ara rẹ tutù. Yanu."

Ìyá arúgbó kan láàárín àwọn ọlọ́jà ti fún imú rẹ̀ pa kó lè yanu. Bí fúláàsì ṣe kan ètè rẹ̀ báyìí, ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

"Ṣáńlù ni. Egbò ṣáńlù. Ó korò, ó tutù, ó ń pani. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò lẹ́nu mi."

Ó jẹ́wọ́ irùngbọ̀n, ó jẹ́wọ́ ṣúgà, ó tún jẹ́wọ́ àwọn ìlú mìíràn tó ti ta ayédèrú, tẹ́nikẹ́ni ò bi í léèrè. Yuehua ò dúró gbọ́ ọ. Ó ti já fóònù gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó ń ké sí Dókítà pé tútù ni, tútù ni.

Nígbà tó délé, Bian ti jókòó, abọ́ oògùn gbígbóná wà lórúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀, Dókítà dúró tì í.

"Yuehua, atalẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ó ń jó mi lọ́fun. Ta ló se irú ìsekúsè báyìí?"

Ẹ̀rín pa Yuehua. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu omi ojú.

"Dókítà," ló wí, "ẹ bá mi bu atalẹ̀ kún un."