Obìnrin Tí Ẹ̀rọ Ìjọba Kò Rí

Ọ̀sán gangan ni Bàbá Afìwéránṣẹ́ kú, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́. Kò ṣàìsàn, kò wúkọ́. Ó ti jẹun yó láàárọ̀, ó ti bá aládùúgbò kan jà nítorí omi ìdọ̀tí tó dà sójú ọ̀nà, ó sì ń múra láti lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì oṣù márùn-ún tí ìjọba kò tíì san fún un. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi máa gbé omi mímu wọlé, ó ti kú lórí àga. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí àlejò kanlẹ̀kùn fún, tí kò tíì ní kó wọlé.

Ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ rí òkú? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni. Ẹnu ayé kì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dáná.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ń fọṣọ fún àdúgbò láti ìgbà tí èmi ṣì lè bẹ̀rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀ láìpariwo. Lónìí, bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ní láti wá gbé mi dìde. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò bímọ, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé àbúrò rẹ̀ ló ń gbé, òun àti bẹ́ẹ̀dì kan àti ọpọ́n ìfọṣọ mẹ́ta. Bí wọ́n bá lé e kúrò nínú yàrá yẹn, kò sí ibòmíràn láyé tí yóò forí lé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a sin òkú ni ibi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé. Birikìlà, àkọ́bí Bàbá, mọ ògiri kan parí lọ́jọ́ Sátidé; ó wó lọ́jọ́ Ajé, láìsí òjò, láìsí ìjì. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbóná bí irin àgbẹ̀dẹ, ó ń bá ẹnìkan tí a kò rí sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ìyàwó rẹ̀, Aránṣọ, kò lè rán aṣọ kan parí kí òwú má já.

Ọjọ́ tí Aránṣọ lọ ṣe irun ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sígboro.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá yẹn ń jí nídàájí," ló sọ fún Onídìrí.

"Ìyá wo?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó ń da omi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹyẹ eléérú kan bà sórí okùn aṣọ rẹ̀, ó ń dá a lóhùn."

"Ṣé ó rí ọ?"

"Ẹyẹ yẹn ló rí mi. Ó yí ọrùn, ó wò mí bí ìyá ọkọ ti ń wo ìyàwó tí ọbẹ̀ jóná mọ́ lọ́wọ́."

Ìyarun jábọ́ lọ́wọ́ Onídìrí. "Áà! Mi ò gbọ́ o. Má sọ ọ́ fún mi."

Ó ti gbọ́. Kí oòrùn tó yí, gbogbo orí tó dì lọ́jọ́ náà ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé pẹ̀lú irun.

Bẹ́ẹ̀ ìdájí nìkan ni omi ẹ̀rọ àdúgbò wa ń yọ. Gbogbo wa la mọ̀. Alágbàfọ̀ tí kò bá jí nídàájí, itọ́ ni yóò fi fọṣọ. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í rántí ohun tó mọ̀. Èmi gan-an tí mo dàgbà dàgbà yìí, mo lọ gba aṣọ mi padà lọ́wọ́ rẹ̀ láìfọ̀. Mo di í mọ́ra, mo ń yọ́ rìn bí olè adìyẹ. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi kan jábọ́ sójú títì, ó fẹ̀ bí aṣọ fèrèsé, àwọn ọmọ ilé ìwé sì fi wé ọ̀kan lára wọn bí ọmọ tuntun. Ó tọ́ sí mi.

Birikìlà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó fẹ̀yìntì láti gba owó bàbá rẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri ibẹ̀ ti ń bó. Fáànù kan wà lókè tó ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn, fáìlì sì kún ilẹ̀ títí kan àjà. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Bàbá yín ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó tó bá kù lẹ́yìn wọn," ni Akọ̀wé wí. "Kì í ṣe orúkọ yín."

"Orúkọ ta wá ni?"

Ó yí ìwé náà sí i. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ọjọ́ tí Bàbá gba iṣẹ́ ló kọ ọ́, nígbà tí kò tíì láya, tí kò tíì lọ́mọ, kò sì yí i padà títí ó fi kú. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Ẹ mú wọn wá, kí wọ́n wá tẹ̀ka. Bí oṣù yìí bá parí tí ẹnikẹ́ni ò gbà á, owó náà á padà sápò ìjọba, kò sì ní jáde mọ́."

Nígbà tí Birikìlà fi máa délé, ara rẹ̀ ti tutù bí ẹni tó gbé yìnyín mì. Ó bá Ìyá Alágbàfọ̀ nídìí ọpọ́n, ó dúró lé e lórí.

"Ẹ ti mọ̀ pé orúkọ yín ló wà níbẹ̀!"

"Níbo?"

"Lórí pẹ́ńṣàn Bàbá! Ìdí tí ẹ fi jẹ ẹ́ nìyẹn!"

Ìyá Alágbàfọ̀ rọra fún ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un títí omi fi tán. "Ọmọ yìí, èmi ni mo pọn bàbá rẹ. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni, ìgbà tí ẹran rẹ̀ ṣì rọ̀ ni ǹ bá ti jẹ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi eyín méjì jẹ lára arúgbó?"

Ẹ̀rín gbọ̀n mí níkùn níbi tí mo dúró sí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹlòmíràn ò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ká ọwọ́ lé orí: "Ẹ gbọ́ o! Ó ti jẹ́wọ́ o! Ó ní ẹran rẹ̀ ò rọ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú un lọ sí ọ́fíìsì kó lọ tẹ̀ka, kí owó má baà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Birikìlà lọ níwájú, Aránṣọ tẹ̀lé e. Onídìrí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ béèrè nǹkan kan lọ́nà ibẹ̀. Èmi náà tẹ̀lé wọn. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà kéré, kò ju àpótí ìṣáná ńlá lọ, ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Akọ̀wé ní bí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, ó ti rí èèyàn. Bí iná pupa bá tàn, kò rí i. Ìyá Alágbàfọ̀ gbé àtàǹpàkò lé e. Pupa. Akọ̀wé nu gíláàsì. Pupa. Ó gbé ìka ìkejì lé e, ìkẹta, títí dé ọmọńdinrín, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì. Pupa, pupa, pupa, bí ojú ẹranko nínú igbó.

"Kò rí yín, Ìyá," ni Akọ̀wé wí.

"Báwo ni kò ṣe rí mi? Ṣebí èmi rèé."

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ẹnìkan gbé ohùn sókè pé, "Ohun tí kò ní ìlà lọ́wọ́, ṣé èèyàn ni?" Akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè, ó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé nǹkan kan. Ta ló ń gbọ́? Onídìrí ti ké, gbogbo wa ti kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìta, èmi tí mo ti ń sọ fún dókítà láti ọdún mẹ́ta pé orúnkún mi ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, àdúgbò ṣókùnkùn sí Ìyá Alágbàfọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá mọ́. Wọ́n gé okùn ìsáṣọ rẹ̀ sí mẹ́ta. Ẹnìkan fi èédú kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò mọ̀wé kà, ó sì bi ọmọ kan tó ń kọjá pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ náà sá lọ. Òkò ń bọ́ lu páànù orí yàrá rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà òmíràn, bí ẹni tó ń kà á fún un. Ẹyẹ eléérú yẹn náà kò rí okùn bà mọ́. Orí òrùlé ló ń dúró sí lọ́sàn-án, kì í ké, ó kàn ń wo ìsàlẹ̀. Ara ọmọbìnrin Birikìlà sì ń gbóná sí i lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Birikìlà lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé. "Ìyá, ẹ ó bá mi lọ sí ọ́fíìsì lọ́la, ẹ ó sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ owó náà, pé kí wọ́n fi orúkọ mi rọ́pò tiyín. Bí a bá ti débẹ̀ tán, ẹ má padà síbí mọ́."

"Níbo ni kí n lọ?"

"Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ yín wà."

Mo gbọ́ ọ. Mo wà lẹ́yìn ògiri. Mo yọ́ padà sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ara ọmọ náà tutù, ó jókòó, ó ní ebi ń pa òun. Aránṣọ ní nítorí pé àjẹ́ ti di ẹrù ni. Abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ti ń gún un fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, kò kà á kún.

Ọ́fíìsì náà kún ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn èèyàn ti gbọ́ pé wọ́n tún ń mú un bọ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró láàárín, ẹrù kékeré kan lábẹ́ apá, àyíká rẹ̀ sì ṣófo bí ẹni pé iná ń jó lára rẹ̀.

"Kò fẹ́ ẹ mọ́," ni Birikìlà wí. "Ẹ kọ orúkọ tèmi. Ẹ̀rọ yín ti sọ irú ẹni tó jẹ́."

Akọ̀wé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ gbapò, òun náà á tẹ̀ka. Gbé e lé e."

Birikìlà gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé gíláàsì.

Pupa.

Ó fi ọwọ́ nu ṣòkòtò, ó tún gbé e lé e. Pupa. Ó gbé òsì lé e, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ gíláàsì. Pupa. Mo rí i tí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, lọ́tẹ̀ yìí láti ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀. Onídìrí, tó dì mọ́ apá Aránṣọ, fa Aránṣọ sẹ́yìn.

"Ọkọ mi," ni Aránṣọ wí, "ṣé ìwọ lo wó ògiri yẹn ni?"

"Ògiri wo?"

"Ògiri ọjọ́ Ajé! Tí ìjì ò jà!"

"Sìmẹ́ǹtì ni kò tó!" Birikìlà figbe ta. "Yanrìn ni mo fi kún un! Ṣé inú rẹ ti dùn?"

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sún sẹ́yìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, gbogbo ojú tó bá kàn ló ń wo ilẹ̀. Òógùn bò ó. Ọkùnrin gìrìpá yẹn, mo rí i tó ń wá ibi tí yóò sá sí nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Akọ̀wé na ọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn yìí! Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́sí tí ẹ fi ń sá bí ẹran nìyí. Gbé ọwọ́ rẹ sókè, Birikìlà. Ẹ wo ìka rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ ìlà rẹ̀ tán. Ẹ wo ti Ìyá. Ọṣẹ ti fọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tó fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ láti kékeré, ẹ̀rọ yìí kì í sábà rí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kọ àwọn amọ̀kòkò méjì."

Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan ló rìn lọ síbi tí Birikìlà dúró sí. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ti ọmọ àbúrò rẹ̀, ó ń wo méjèèjì. Birikìlà wólẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ìyá, ẹ padà sílé. Yàrá yín ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde. Ṣòkòtò rẹ ti dọ̀tí."

Akọ̀wé fa ìwé kan jáde nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. "Ẹni tí ẹ̀rọ kò bá rí, òfin ní kí èèyàn méjì tó mọ̀ ọ́n dáadáa wá jẹ́rìí níwájú mi. Orúkọ Ìyá ni Bàbá kọ, Ìyá ló ni owó. Ọ̀la ni oṣù máa parí. Ta ló mọ̀ wọ́n?"

"Èmi," ni Birikìlà wí.

"Ẹnìkan ṣì kù."

Onídìrí ń wo èékánná rẹ̀. Mo rántí pé mo mọ obìnrin yìí láti ọdún mọ́kànlélógójì, pé òun ló fọ aṣọ ìgbéyàwó mi, aṣọ ọmọ mi, àti aṣọ tí a fi tẹ́ ọkọ mi sínú pósí. Mo gbé ìdí mi kúrò lórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì ké, mo sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Birikìlà. N kò lè gbójú sókè.

Akọ̀wé mú bírò. Ó kọjú sí Ìyá Alágbàfọ̀, ó béèrè bí ìwé náà ṣe ní kó béèrè: "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni àwọn méjì yìí mọ̀ yín?"

Ó wo Birikìlà. Ó wò mí, ó pẹ́ tó fi wò mí.

"Wọn ò mọ̀ mí," ló wí. "Ṣùgbọ́n kọ ọ́."