Ọ̀nà Tó Gba Oko Ólífì Panagis

Etí títì tó já ni Diamantina jókòó sí, lórí àga rọ́bà, ó ń jẹ bàrà, ó ń tu kóró ẹ̀ sínú ọ̀gbun. Ilẹ̀ ti mì ní Kefalonia, erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì, ó ti ju títì abúlé wọn sísàlẹ̀ òkè bí ẹni ju àkísà.

Àwọn tó wá tún ọ̀nà ṣe yọ lódìkejì. Ó lọgun, "Gerasimos o!"

Ọkùnrin mẹ́rin yíjú. Orúkọ ẹni mímọ́ erékùṣù wọn ni. Bóo bá ju òkúta níbẹ̀, orí Gerasimos kan ló máa bà.

"Èwo nínú wa?"

"Ẹni tí imú ẹ̀ pọ́n bí tàtàṣé!"

Ẹni tó ń wa katakátá yára fọwọ́ bo imú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kígbe ìfẹ́ síra wọn, tí àwọn ìyá àgbà abúlé ń bá wọn dá sí i. Ara ọmọkùnrin náà ò balẹ̀: bó bá kó òkúta kan, méjì á tún yí wálẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn ní ibi àtijọ́ ò ṣe é tún ṣe mọ́. Àfi kí ọ̀nà gba oko ólífì Panagis, bàbá Diamantina. Igi tí bàbá bàbá ẹ̀ gbìn ló wá dúró gbọnin láàárín.

Ilé Panagis ti wó, inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn. Ó jáde síta. "Mo fi ẹni mímọ́ búra! Ẹni tó bá gé igi yìí ò ní wọ ilé mi láéláé!"

Diamantina gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ bá olólùfẹ́ ẹ̀. "Jẹ́ kí Gerasimos mìíràn gé e. Tóo bá gé e, níbo lo ti fẹ́ tọrọ mi, orí katakátá?"

"Orúkọ wa ló jọra, ọwọ́ wa ò jọra. Mi ò ní fi ẹlòmíì bojú fẹ́ ẹ."

"Tóo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á kó wa lọ síbòmíì, mọ́tò ò ní rọ́nà wọ abúlé yín, ẹ̀yin á máa jẹ búrẹ́dì gbígbẹ títí eyín yín á fi tán."

Ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. "Gé e, onímú tàtàṣé mi."

Ó gé e. Omijé ò jẹ́ kó rí iwájú dáadáa. Panagis kọ ẹ̀yìn sí i.

Mọ́tò oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà tuntun náà. Panagis ní òun ò jẹ. Òórùn búrẹ́dì gbóná wọ àgọ́ bá a. Ó jẹ odidi kan.

"Oníkatakátá yẹn dà?"

Gerasimos dúró lẹ́nu àgọ́. "Ẹ ti búra, Bàbá. Mi ò lè wọlé yín."

"Ilé wo? Ṣé o rí ilé níbí? Wọlé jàre, eṣinṣin ń wọlé!"

Gerasimos tẹ orí ba, ó wọ àgọ́, ó sì tọrọ ọmọ.

Ọkàn Diamantina ò tíì balẹ̀. "Bàbá, tá a bá wá kọ́ ilé wa padà ńkọ́?"

Panagis bu búrẹ́dì fún àna ẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kọ́lé?"